Máàkì Tí Mo Fún Orí Àna Mi

Bí wọ́n bá fi aṣọ di ojú mi ní Ìyànà Ìyẹsí, tí wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣàngó, imú mi nìkan á sọ ibi tí a dé fún mi. Òórùn bisikíìtì ló kọ́kọ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó dùn, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi bíi pé ẹnìkan ń yan búrẹ́dì lójú ọ̀run. Kò ní pẹ́ tí oúnjẹ adìyẹ á fi gba ipò rẹ̀, òórùn ẹja gbígbẹ àti àgbàdo tó ti fẹ́ kan. Ọṣẹ ló ń tẹ̀ lé e, èyí tó máa ń mú kí ènìyàn sín lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá wá di pé ọ̀fun ń ta ọ́ díẹ̀, tí ẹnu rẹ ń ṣe bí ẹnu ẹni tó lá àbẹ́là, má wulẹ̀ da kọ̀ńdọ́ láàmú: o ti dé ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ike nìyẹn. Àwa tí wọ́n bí sí Ọ̀tà kò tiẹ̀ kọbi ara sí àwọn òórùn wọ̀nyí mọ́. Ara wa ni wọ́n jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn kì í gbọ́ òórùn ilé ara rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi ní eré yìí kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà rárá. Ará òkè ni, ọmọ Ọ̀ṣun, ọkọ àbúrò mi obìnrin. Ó wá wáṣẹ́ sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú báàgì kan àti ẹnu tó mú ju abẹ lọ, ó ríṣẹ́, ó tún rí àbúrò mi he. Torí pé olùkọ́ ni mí, Tíṣà ló ń pè mí, kò sì sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí a kì í fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń ní àwọn ará òkè ò mọ ẹja jẹ, egungun ni wọ́n ń kà. Òun náà á ní ṣé àwa Àwórì náà la fẹ́ sọ̀rọ̀ oúnjẹ, àwa tí baba ńlá wa tẹ̀ lé àwo lórí omi títí àwo fi rì, tí wọ́n wá jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń retí ọbẹ̀. Tí a bá jọ wọ ọkọ̀, á di ojú, á gbé imú sókè bí ọmọ olówó, á sì máa pe ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ńdọ́ tó pè é. Àwọn èrò á máa rẹ́rìn-ín. Kò ṣì í rí lójú mi.

Imú yẹn náà ló fi ń jẹun. Iléeṣẹ́ ike ló ń bá ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe garawa, abọ́, àti kẹ́tù tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ike náà á dé ní wóró-wóró bí ìrẹsì, wọ́n á dà á sínú ẹ̀rọ, iná á yọ́ ọ, ẹ̀rọ á sì tì í wọ inú mọ́ọ̀dù tó ń fún un ní ìrísí. Ooru ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Tó bá kéré, kẹ́tù á jáde láìlẹ́nu. Tó bá pọ̀ jù, ike á jó mọ́ inú ẹ̀rọ, iná sì lè ṣẹ́ yọ. Aago kan wà lára ẹ̀rọ náà tó yẹ kó máa sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n àna mi ní aago yẹn ti darúgbó, ohun tó bá wù ú ló ń sọ. Imú ni òun fi ń wò ó. Ó ní tí ike bá yọ́ dáadáa, òórùn àbẹ́là ló ń ní; tó bá fẹ́ jó, á kọ́kọ́ dùn díẹ̀ bíi ṣúgà tó ń pọ́n nínú páànù, lẹ́yìn náà ni á wá máa rùn bí irun tí iná rà. Àárín ìgbà tó ń dùn sí ìgbà tó ń rùn kò ju kí ènìyàn gbẹ́sẹ̀ dé ìdí bọ́tìnnì lọ. Gbogbo wọn níbẹ̀ ló mọ̀ pé òun ni imú wọn. Súpáfáísọ̀ wọn a máa ké sí i láti ìdí ẹ̀rọ mìíràn pé kó wá bá òun gbóòórùn tibẹ̀ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lórí ọ̀kadà. Ní títì Ìdíròkò, ọ̀kadà yà fún kòtò, àna mi bọ́ sẹ́yìn, ìpàkọ́ rẹ̀ sì gbá etí kọnkéré gọ́tà. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀. Ìyẹn gan-an ló tàn wá jẹ, àwa tí a sáré débẹ̀ ń dúpẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀, a ò mọ̀ pé inú agbárí ni gbogbo ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi lajú. Àbúrò mi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka Yáásínì sí i létí. Èmi tí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, tí àbúrò mi bá ti dìde lọ pọn omi, màá tẹ̀ sórí rẹ̀, màá sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, ará òkè, dìde, àwo ti ń rì o. Ní ọjọ́ keje, ojú rẹ̀ là, ó yí lọ yí bọ̀, ó sì dúró sára mi. Ètè rẹ̀ mì. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Omi ló béèrè.

Obìnrin ni dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wa: ṣé yóò padà sí bó ṣe wà? Dókítà wo àbúrò mi kó tó dáhùn.

“Pé kò ní kú, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn báyìí. Bí ayé rẹ̀ ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, àbá ló ń dá.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ènìyàn méjì lè ṣubú lọ́jọ́ kan náà, kí fọ́tò orí wọn jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan padà sídìí òwò rẹ̀ kó sì máa yọ̀, kí ìkejì máa rìn, kó máa jẹun, síbẹ̀ kí ayé sú u. Ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń pe àwọn tó ti relé padà, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn ọdún méjì, tí òun á bi wọ́n léèrè oorun wọn, iṣẹ́ wọn, inú wọn, ọ̀rẹ́ wọn, ohun tó ń dùn mọ́ wọn àti ohun tí kò dùn mọ́ wọn mọ́. Ó ní ìdáhùn ẹni tó ti relé ni òun fi ń kọ́ ohun tí òun máa sọ fún àwọn ará ilé ẹni tó ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ mi orí, bí a ti máa ń mi orí nípàdé olùkọ́. Ìwọ náà mọ irú orí mímì bẹ́ẹ̀, kì í dé ọrùn.

Ìyá wa, ìyá tó bí èmi àti àbúrò mi, ní òfin kan nílé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Àlàáfíà ni ìdáhùn sí ohun gbogbo, alihamudulilahi ló gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Má rẹ́rìn-ín, òfin yìí wà nílé tìrẹ náà. Ibà á máa gbọn ènìyàn bí ewé, wọ́n á ní ṣé dáadáa ni, á ní a dúpẹ́. Ìyá wa gbà pé ara ń gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ, pé tí ènìyàn bá ń jẹ́wọ́ àìsàn, ara á kúkú gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni a ń sọ fún pé ara ọkùnrin náà ti le koko. Òótọ́ sì ni, lójú tiwa. Ó ń rìn, ó ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kò fo rákà kankan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló lọ́ra díẹ̀. Mo lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó kàn máa wò mí. Nígbà tí mo bá ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹ̀rín tó yẹ kó rín á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun kan tún wà tí a kà sí èrè. Kí ó tó ṣubú, kò sí ẹni tó lè se oúnjẹ fún ọkùnrin yìí kó má ráhùn. Láti ẹnu ọ̀nà ni á ti sọ pé irú inú ọbẹ̀ yìí ti pẹ́ lọ́jà. Lẹ́yìn tó ti ọsibítù dé, ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Ọjọ́ kan wà tí àbúrò mi gbé ẹ̀wà kaná, tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tó lọ kírun. Láti ìta ni mo ti gbóòórùn pé ẹ̀wà ti jó di èédú. Nígbà tí mo wọlé, àna mi ló jókòó sí pálọ̀, tí kò jìnnà sí kíṣíìnì ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ, ó sinmi jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ó jẹ ẹ̀wà náà tán, ó ní ó dára. Omi bọ́ lójú àbúrò mi fún ayọ̀. Ó ní, Bùrọ̀dá, ìṣubú yẹn ti kọ́ ọkọ mi ní sùúrù. Mo ní ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti tì í ṣubú tipẹ́. A jọ rẹ́rìn-ín. Àna mi náà rín tirẹ̀ lẹ́yìn wa.

Ìgbà tí oṣù mẹ́ta pé, a padà sọ́dọ̀ dókítà. Ní àkókò yẹn, iléeṣẹ́ ti ránṣẹ́ pé àwọn ò lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ju ìparí oṣù lọ, àti pé àwọn fẹ́ rí ìwé ọsibítù pé ó ti dá ṣáṣá. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì kan fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó ní ká bá a kọ ọ́ kí ó tó wọlé. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn yòókù sì wo ojú mi, èmi ọ̀mọ̀wé ìdílé. Mo tọwọ́ bọ àpò, bírò pupa ni mo bá, èyí tí mo fi ń wo ìwé ọmọ kíláàsì. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. O ò rí i pé wọ́n ti fẹran sẹ́nu ológbò.

Oorun rẹ̀ ńkọ́? Mo kọ mẹ́wàá. Ìrántí rẹ̀? Mẹ́wàá. Ṣé inú ń tètè bí i? Mo rántí ẹ̀wà jíjó, ká ní mọ́kànlá wà níbẹ̀, ǹ bá fún un. Ṣé ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀? Mẹ́wàá. Ìbéèrè kan ní ṣé ìyàtọ̀ kankan wà nínú bó ṣe ń ríran, bó ṣe ń gbọ́ràn, bó ṣe ń mọ adùn tàbí òórùn. Mo wò ó lójú, mo rí i pé ó là á. Mo kọ pé kò sí. Àna mi ń wo ẹnu mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń ka ìbéèrè wọ̀nyí jáde. Ó tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ nígbà kan, bí ọmọ kíláàsì tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ kí wọ́n nawọ́, mo fọwọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, mo ní kó fara balẹ̀, ó ti fẹ́ tán. Mo fún un ní máàkì bí a ti ń fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti wá bẹ̀ wá nílé. Dókítà yẹ ìwé náà wò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyí, kò sí ohun tó ní kó má padà síbi iṣẹ́. Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó wọṣẹ́ ni súpáfáísọ̀ pè mí. Inú kíláàsì ni mo wà. Ó ní kí n máa bọ̀, kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n kí n máa bọ̀. Kí kẹ̀kẹ́ tó gbé mi tó dé géètì wọn ni òórùn irun jíjó ti pàdé mi lójú títì, omi sì ti ń dà lójú mi. Yanrìn ni wọ́n fi pa iná náà. Ẹnu ẹ̀rọ ti dúdú, ike tó jó sì ti rọ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ní ọkùnrin tó wà ní ìdí ẹ̀rọ kejì ti jáde lọ jẹun. Ìta ló ti gbóòórùn náà tó fi sáré wọlé wá tẹ bọ́tìnnì. Ó ní òun bá àna mi lójú ẹ̀rọ, tí èéfín ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń to kẹ́tù jọ ní méjì-méjì bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀, iná ì bá ká a mọ́ àárín ẹ̀rọ àti ògiri. Súpáfáísọ̀ ní, Tíṣà, ẹ má bínú o, àna yín ń sùn lórí ìdúró.

Ara ògiri lẹ́yìn iléeṣẹ́ ni mo ti bá a. Aṣọ rẹ̀ ń rùn débi pé mi ò lè súnmọ́ ọn. Ìwà mi náà ni ìwà mi, mo bi í pé, “Ará òkè, ṣé imú rẹ relé ni?” Ká ní bí tàtẹ̀yìnwá ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n èéfín ti há mi lọ́fun, ikọ́ ni mo ń wú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣe ríbi gbà kọjá nìyẹn.

“Ó relé, Tíṣà. Láti ọsibítù.”

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Kódà inú mi dùn, mo ní àwàdà ti padà dé. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún wa.

“Ta ló bi mí? Dókítà ń béèrè, ẹ̀yin ń dáhùn. Kí ọ̀rọ̀ mi tó dé ẹnu, ẹ ti fún mi ní mẹ́wàá.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti jẹ ẹgba rí, mo ti gba ìwé ìkìlọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé rí, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn. Àna mi ní òun rò pé imú náà yóò padà wá ni. Ó ní òun ti ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà lákọ̀tun, òun ń wo àwọ̀ ike, òun ń ka iye kẹ́tù tó jáde kí òun lè mọ ìgbà tó yẹ kí òun dín ooru kù, ṣùgbọ́n òǹkà náà ń dàrú mọ́ òun lójú. Àràárọ̀ ló fi ń dé ìdí ẹ̀rọ yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù, àwa ń bá a yọ̀ nílé. Nígbà tí a délé tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó wá bi í pé, ẹ̀wà yẹn ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé ó jó. Ẹkún tí àbúrò mi sun lọ́jọ́ náà, kì í ṣe irú èyí tó sun lórí ẹ̀wà.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lọ mú fọ́ọ̀mù mi jáde, mẹ́wàá pupa, mẹ́wàá pupa, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

“Ẹ̀gbọ́n, àdúrà lẹ kọ síbí. Mo ṣe àmín. Ìdáhùn ńkọ́?”

Ó ní ẹnìkan tó já láti orí òrùlé ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí àna mi dùbúlẹ̀ sí, pé ìyàwó ẹni náà ti bi òun ní ìbéèrè tí àwa náà bi òun, àti pé irú ìwé báyìí ni òun máa ń wò kí òun tó dá a lóhùn. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí. Mo rò pé ilé wa nìkan ni mo parọ́ náà sí, mi ò mọ̀ pé mo ti rán an lọ bá obìnrin tí mi ò mọ̀ rí.

Ó wá ní kí èmi àti àbúrò mi pa ẹnu mọ́. Ó yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àna mi, ó bi í léèrè, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ fáànù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnu mi là fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wá dé, kò jọ ohun tí èmi ì bá sọ rárá. Iṣẹ́ tí gbogbo wa ń sunkún lé kọ́ ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní òun ò mọ òórùn ara òun mọ́. Tí òun bá tò sí sàfù ìrun lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bá sún díẹ̀, òun á rò pé òun ló ń sá fún. Ó ní orí ọmọ òun tó kéré jù lọ ní òórùn kan tẹ́lẹ̀, òun ò rántí rẹ̀ mọ́. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọ òun lórí bí ìṣó. Ó ní òun ń gbọ́ àwàdà wa, òun sì mọ èsì tó yẹ kí òun fọ̀, àmọ́ tí èsì náà bá fi dé, ọ̀rọ̀ ti kọjá lọ, òun á wá dà bí òmùgọ̀ láàárín wa. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Ó ní yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ayé òun dára. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ẹnìkan dúró de òun ni.

Kò padà sídìí ẹ̀rọ mọ́, imú náà kò sì padà. Dókítà kọ ìwé sí iléeṣẹ́, súpáfáísọ̀ bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ kẹ́tù wò: á bu omi sínú rẹ̀, á gbé e sókè, á wò ó bóyá ó ń jò. Ó ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́, bí ẹni tó ń wo ilé tó ti kó kúrò. Èmi náà ní iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Kí a tó wọ mọ́ṣáláṣí, á dúró, á bi mí pé, Tíṣà, ṣé mò ń rùn? Rò ó wò, ọ̀rẹ́ mi. Ìbéèrè tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi retí pé kí ará òkè kan wá bi mí nìyẹn. Èsì mẹ́wàá ló ń ta pọ́n-ún-pọ́n-ún lórí ahọ́n mi. Mi ò sọ ọ̀kan nínú wọn. Mo máa ń gbóòórùn rẹ̀, mo sì máa ń sọ òótọ́ fún un, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Òun nìkan ni mi ò lè parọ́ fún láyé yìí mọ́.

Nígbà tí ọdún méjì pé, dókítà pè wá. Ìyá wa ní òun náà ń bọ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà ni pé, tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, máàkì mélòó ni á fún ayé rẹ̀ nínú mẹ́wàá. Ìyá wa ti ń pe àlàáfíà bọ̀ lẹ́nu, àbúrò mi fọwọ́ kàn án lórúnkún. A dúró. Mo ka apá fáànù lẹ́ẹ̀mejì.

“Méje,” ni àna mi wí.

Ìyá wa ní kí Ọlọ́run bá wa sọ ọ́ di mẹ́wàá. Dókítà ní, àmín, màmá, ṣùgbọ́n méje ni òun ń kọ. Ó wá bi àna mi pé mẹ́ta tó kù ńkọ́. Ó ní ọ̀kan ni imú òun. Ó ní ọ̀kan ni jẹnẹrétọ̀. Ó dákẹ́ lórí ẹ̀kẹta. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ wá yí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró sára mi, bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ lajú. Kò sẹ́ni tó mikàn.

“Ẹ̀kẹta, Tíṣà ló mú un. Ọmọ Àwórì ni, ó rò pé àwo ọbẹ̀ ni.”

Dókítà tí kì í ṣe ọmọ ìhà wa kò mọ ìtàn àwo, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nítorí bí ìyá wa ṣe di ìhà mú. Ẹ̀rín àna mi fúnra rẹ̀ ló dé kẹ́yìn, bó ṣe máa ń rí báyìí, gbogbo wa sì jókòó títí tó fi dé. Mo ti wo ìwé ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ̀ pé máàkì tí a kàn fi ta ènìyàn lọ́rẹ kì í jẹ́ kí a mọ ibi tó ti ń sunkún. Mẹ́wàá tí mo fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Méje tó fún ara rẹ̀, òun ló fi ń gbé ayé, ó sì ṣeé ṣe kí ìyàwó ẹnìkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan báyìí máa rí ìrètí tòótọ́ fà yọ nínú rẹ̀. Ní tèmi, ará òkè ti fi mí gé máàkì kan nínú yẹ̀yẹ́, ọwọ́ mi ló sì ti bá a. Kò sí ìdánwò tí mo yege rí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.